Aṣọ Pupa Bàbá Àkíbù

Ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ́ ní Kúdẹtì nígbà tí Ishaq, ọlọ́dẹ Ọgbà Réluwéè Àtijọ́, rí ẹsẹ̀ èèyàn lábẹ́ kóòṣì réluwéè kan. Bàtà ló kọ́kọ́ dá mọ̀. Bàtà Bàbá Àkíbù ni, ọ̀gá káfíńtà ọgbà náà, bàtà tí wọ́n ti rán títí tí abẹ́rẹ́ kò fi ríbi gbà wọ̀ ọ́ mọ́. Ishaq pe orúkọ rẹ̀, kò gbọ́ èsì. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó yọjú wo abẹ́ ọkọ̀, ó sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀.

Kí Inspẹ́kítọ̀ Ọlábọ̀wálé tó dé láti àgọ́ ọlọ́pàá, èrò ti pé jọ sí ara wáyà ọgbà. Ará Ìbàdàn kì í dúró de ọlọ́pàá kí wọ́n tó dájọ́. Àwọn kan ní ọlọ́dẹ ló pa á. Àwọn mìíràn ní ọkọ̀ ayé òyìnbó tó ti kú, tí wọ́n ní àwọn fẹ́ jí dìde, ṣé ó lè dìde láìgba ẹ̀mí? Inspẹ́kítọ̀ gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó gba àárín wọn kọjá. Ọkùnrin gbọọrọ ni, irun rẹ̀ ti ń funfun. Ó ti pẹ́ tí òkú kò ti bà á lẹ́rù mọ́. Àìbẹ̀rù yẹn gan-an ló wá ń bà á lẹ́rù.

Ọgbà náà kò tóbi. Àwọn kóòṣì réluwéè àtijọ́ ni wọ́n kó síbẹ̀, tí wọ́n ń tún igi wọn ṣe, tí wọ́n sì ń kùn wọ́n, kí èrò lè máa gùn wọ́n lórí irin kúkurú kan tó dà gẹ̀ẹ́rẹ́ lọ sí ẹ̀bá odò. Èyí tó pa Bàbá Àkíbù ló lẹ́wà jù nínú wọn. Sátidé tó ń bọ̀ ni wọ́n fẹ́ fi gbé èrò fún ìgbà àkọ́kọ́.

Inspẹ́kítọ̀ dùbúlẹ̀ sórí òkúta, ó wo abẹ́ ọkọ̀ fúnra rẹ̀. Wọ́n máa ń fi igi onígun kan há ẹsẹ̀ ọkọ̀ kó má baà yí; wẹ́ẹ̀jì ni wọ́n ń pè é. Ó rí ibi tí wẹ́ẹ̀jì wà tẹ́lẹ̀ lórí irin, nítorí eruku kò dé ibẹ̀. Ọkọ̀ ti yí kúrò níbẹ̀, ó sì ti gun Bàbá mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n wẹ́ẹ̀jì kò sí níbi àtijọ́. Ó wà níbi tuntun tí ọkọ̀ dúró sí, ó há gírígírí. Inspẹ́kítọ̀ fọwọ́ tì í, kò mì. Ó wo ọwọ́ òkú, ó rí ọ̀bẹ kékeré kan. Lókè orí rẹ̀, níbi tí ọ̀bẹ ti ha igi abẹ́ ọkọ̀, pọ́tì tí wọ́n fi dí ihò igi ṣì tutù, ó ń ṣí bọ́, igi tó wà lẹ́yìn pọ́tì sì ti rà. Ó fi ìka kàn án, ó rún sí i lójú bí àkàrà àná.

"Ẹ jẹ́ ká gbé wọn jáde," ló sọ.

Obed, mẹkáníìkì ọgbà, gun kóòṣì lọ síbi bíréèkì, irin róbótó kan tí wọ́n ń yí bí sítíárì mọ́tò. Ó fà á, kò gbà. Ó fi ọwọ́ méjèèjì fà á kó tó gbà.

"Ta ló dè é le báyìí?" ó ń kùn sínú.

Wọ́n ti ọkọ̀ sókè, wọ́n gbé òkú jáde, wọ́n tẹ́ ẹ sórí ẹní. Kúbúrá, ọmọ Bàbá, tó ń kun ọkọ̀ nínú ọgbà yẹn kan náà, tú ìborùn rẹ̀, ó fi bo bàbá rẹ̀. Kò sunkún. Ó dúró bí ẹni tó ń dúró de mọ́tò.

"Ẹ kú ará fẹ́ra kù," Inspẹ́kítọ̀ sọ fún un.

"Ẹ ṣeun, sà. Ìgbà wo lẹ máa yọ̀ǹda wọn fún wa? Ó yẹ ká sin wọ́n lónìí, kí oòrùn tó wọ̀."

"Tó bá jẹ́ jàǹbá ni, dókítà á kàn fojú wò wọ́n, ẹ ó gbé wọn lọ. Tí mi ò bá mọ ohun tó pa wọ́n, wọ́n á gbé wọn lọ sí mọ́ṣúárì. Wọ́n á fọ̀bẹ là wọ́n wò."

"Wọ́n á la bàbá mi?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Kúbúrá wo orí ẹní náà fún ìgbà díẹ̀. "Ẹ bá mi tètè wádìí ẹ̀, ẹ jọ̀ọ́," ó wí. Àánú rẹ̀ yẹ kó ṣe Inspẹ́kítọ̀. Ó wá àánú náà nínú ara rẹ̀, kò rí i, ó sì lọ bá Ishaq.

Ishaq ṣì wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ìka tó ṣẹ̀ lọba ń gé. Ẹ má gé tèmi. Àṣálẹ́ ni mo máa ń wọṣẹ́. Ẹnu géètì ni mo wà, mo rò pé Bàbá ti lọ sílé."

"Kí lẹ fọwọ́ kàn láàárọ̀ yìí?"

"Mi ò fọwọ́ kan nǹkan kan."

"Bíréèkì ọkọ̀ yìí ńkọ́? Ẹ fi hàn mí."

Ishaq wò yíká, ó nàka sí ìkọ́ tí wọ́n ń fi kọ́ àtùpà lẹ́nu ọ̀nà kóòṣì. Inspẹ́kítọ̀ ní kó lọ mu omi.

Ìyáàfin Morádéyọ̀, ọ̀gá àgbà ọgbà náà, kò dúró kí wọ́n pe òun. Obìnrin tó máa ń yára ni, Sátidé sì ń lé e bọ̀.

"Inspẹ́kítọ̀, àsìdẹ́ǹtì ni. Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé. Òfin wa ni pé kí ẹnikẹ́ni tó wọ abẹ́ ọkọ̀, á so aṣọ pupa ẹ̀ mọ́ bíréèkì. Ẹni tó so ó nìkan ló gbọ́dọ̀ tú u. Tó bá jáde, á dá a padà sórí ìṣó ẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù. Mo lọ wò ó láàárọ̀ yìí. Aṣọ Bàbá wà lórí ìṣó. Wọn ò so nǹkan kan. Wọ́n ti dàgbà, wọ́n gbàgbé."

"Bàbá ò gbàgbé!"

Gbogbo wọn yíjú. Abdulmajeed ló sọ̀rọ̀, ọkùnrin onírùngbọ̀n kan tó ti ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Bàbá Àkíbù fún ìgbà pípẹ́, tó sì ń jẹun nílé rẹ̀ bí ọmọ. Láti àárọ̀ ló ti dúró sí ẹ̀gbẹ́ kan.

"Mo fojú ara mi rí i, wọ́n so ó kí wọ́n tó wọ abẹ́ ọkọ̀. Ẹ̀yin ma, ẹ má pe ọ̀gá mi ní aláìbìkítà. Kò sọ́jọ́ kan tí wọ́n gbàgbé aṣọ yẹn rí."

Kúbúrá wò ó bí ẹni tó ń dúpẹ́. Ẹyin lohùn, èyí ti bọ́ ná, ẹnikẹ́ni kò sì tíì gbọ́ bó ṣe fọ́.

"Ìgbà wo lo rí i?" Inspẹ́kítọ̀ bi í.

"Kí n tó lọ kírun alásárì lánàá. Látibẹ̀ ni mo gba ilé lọ, ní Pópó Yemọja."

"Ta lo fi sílẹ̀ nínú ọgbà?"

"Bàbá nìkan, sà."

Obed ló kàn. Wọ́n ní òun àti Bàbá pariwo mọ́ra wọn lánàá. Kò sẹ́ ẹ.

"A pariwo. Ọjọ́ wo la kì í pariwo? Bàbá ní kóòṣì yìí ò ní jáde ní Sátidé, pé abẹ́ ẹ̀ ń kọ àwọn lóminú. Mo ní irin tèmi ti pé. Ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́, torí náà ẹ jẹ́ n sọ tèmi: Òkè-Àdó ni mo wà láti ọ̀sán, lọ́dọ̀ wẹ́dà tó ń jó sípíríǹgì fún wa."

Inspẹ́kítọ̀ pe wẹ́dà náà lórí fóònù. Wẹ́dà ní lóòótọ́ ni, pé Obed ò kúrò lọ́dọ̀ òun títí ilẹ̀ fi ṣú, àti pé Obed ló jẹ àgbàdo òun tán.

"Igi abẹ́ kóòṣì yìí, ta ló ṣe é?"

"Abdulmajeed ni. Bàbá ní kó dá a ṣe, wọn ò ràn án lọ́wọ́. Iṣẹ́ òmìnira ẹ̀ ni. Tó bá ti jáde ní Sátidé, Bàbá á gbàdúrà fún un, á dá a sílẹ̀, òun náà á di ọ̀gá."

Inspẹ́kítọ̀ dúpẹ́. Ó tún bi Kúbúrá níbi tó wà lánàá. Òun àti Ìyáàfin Morádéyọ̀ jọ lọ ra ọ̀dà ní Ògùnpa ni, ilẹ̀ sì ṣú wọn sọ́nà. Kò wá bàbá rẹ̀ lálẹ́, nítorí bàbá rẹ̀ a máa sùn sí ṣọ́ọ̀bù nígbà tí iṣẹ́ bá há. Ó sọ ọ́ láìgbé ohùn sókè, láìrẹ̀ ẹ́ sílẹ̀.

Nígbà tó yá, àwọn àgbà ìdílé dé pẹ̀lú aṣọ funfun. Kúbúrá pe Abdulmajeed.

"Ìwọ ni Bàbá ní kó wẹ òun tí ọjọ́ bá pé. Lọ múra."

Abdulmajeed wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì. "Ọwọ́ mi ò mọ́, Ẹ̀gbọ́n."

"Omi wà."

Kò kúrò lójú kan. Inspẹ́kítọ̀ rí i.

Oòrùn ti yẹ̀ nígbà tó pe gbogbo wọn sídìí kóòṣì. Ìyáàfin Morádéyọ̀ tún bẹ̀rẹ̀. "Ẹ jẹ́ ká pè é ní jàǹbá, kí wọ́n lè sin bàbá wọn. Ta ló máa pa lára?"

Inspẹ́kítọ̀ yíjú sí Kúbúrá. "Ẹ̀yin lẹ ni wọ́n. Tẹ́ ẹ bá gbà pé wọ́n gbàgbé aṣọ wọn, màá kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ẹ ó gbé wọn lọ nísinsìnyí."

Àwọn àgbà ń wo ilẹ̀.

"Rárá," Kúbúrá wí. "Tí wọ́n bá máa là wọ́n, kí wọ́n là wọ́n. Bàbá mi ò gbàgbé."

"Ó dáa." Inspẹ́kítọ̀ fi ẹsẹ̀ kan wẹ́ẹ̀jì. "Ọkọ̀ lè yí fúnra ẹ̀. Kò lè há ara ẹ̀. Lẹ́yìn tí Bàbá ti kú, ẹnì kan de bíréèkì yìí, ó há wẹ́ẹ̀jì síbi tuntun, ó sì gbé aṣọ Bàbá lọ sórí ìṣó. Kì í ṣe Ishaq, kò mọ bíréèkì yàtọ̀ sí ìkọ́ àtùpà. Obed wà ní Òkè-Àdó. Ẹ̀yin obìnrin méjèèjì wà ní Ògùnpa. Àjèjì ì bá pa á kó sá lọ. Ṣùgbọ́n ẹni yìí, Bàbá ló kọ́ ọ níṣẹ́. Wọ́n ti kọ́ ọ pé a kì í fi ọkọ̀ sílẹ̀ láìhá a, àti pé tíṣẹ́ bá parí, aṣọ á padà sórí ìṣó. Jìnnìjìnnì bò ó, orí ẹ̀ ò ṣiṣẹ́ mọ́, ọwọ́ ẹ̀ nìkan ló ń ṣiṣẹ́. Ó tún gbogbo nǹkan ṣe bí wọ́n ṣe kọ́ ọ, ó wá lọ sílé."

Ó wo Abdulmajeed.

"Ìwọ lo sọ fún mi pé aṣọ yẹn wà lórí bíréèkì. Ìwọ lo sì sọ pé Bàbá nìkan lo fi sílẹ̀. Tó o bá dákẹ́ ni, jàǹbá ni ǹ bá kọ sílẹ̀."

"Mi ò lè dúró kí wọ́n máa pè wọ́n ní aláìbìkítà," Abdulmajeed wí jẹ́jẹ́. Lẹ́yìn náà ló béèrè pé: "Tí mo bá sọ gbogbo ẹ̀, ṣé wọn ò ní là wọ́n?"

"Màá sọ fún dókítà kó fojú wò wọ́n lásán."

Abdulmajeed sọ ọ́ bí ẹni tó ń ka ìwé ẹlòmíràn. "Igi yẹn ti rà. Tí mo bá yọ ọ́, a ò ní bá Sátidé. Mo fi pọ́tì dí i, mo kùn ún. Bàbá fọwọ́ gbá a lánàá, ìró ẹ̀ ò tẹ́ wọn lọ́rùn. Wọ́n so aṣọ, wọ́n wọ abẹ́ ẹ̀, wọ́n ń ha á. Mo ní, 'Bàbá, ẹ jáde.' Wọ́n ní àwọn ń bọ̀, wọ́n ṣì ń ha. Mo rò pé tọ́kọ̀ bá mì díẹ̀, ẹ̀rù á bà wọ́n, wọ́n á jáde. Mo yọ wẹ́ẹ̀jì. Mo tú aṣọ, mo tú bíréèkì. Mo tún dè é kíá." Ó wo abẹ́ ọkọ̀. "Wọn ò tiẹ̀ pariwo."

Kúbúrá rìn lọ síwájú rẹ̀. Gbogbo èèyàn rò pé yóò gbá a létí.

"Wọ́n ì bá kàn ní kó o tún un ṣe ni," ó wí. "Ìyẹn nìkan ni wọ́n ì bá sọ."

Ìgbà yẹn ni Abdulmajeed kúnlẹ̀. "Ẹ jẹ́ n wẹ̀ wọ́n, Ẹ̀gbọ́n. Lẹ́yìn ẹ̀, kí wọ́n mú mi lọ."

"Rárá. Bàbá Ishaq, ọlọ́dẹ wa, ló máa wẹ̀ wọ́n."

Wọ́n sin Bàbá Àkíbù sẹ́yìn ilé rẹ̀ kí oòrùn tó wọ̀. Inspẹ́kítọ̀ dúró lẹ́yìn gbogbo èrò, ó bọ́ fìlà rẹ̀, ó ń dúró de ohun tó yẹ kó dun òun. Kò dé.

Lẹ́yìn fídáù ọjọ́ kẹjọ, ó padà sí ọgbà láti dá kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ láti ọjọ́ náà padà. Kóòṣì náà ṣì wà lórí irin, kò gbé èrò kankan. Kúbúrá wà níbẹ̀ pẹ̀lú ọ̀bẹ bàbá rẹ̀ lọ́wọ́. Ó ti so aṣọ pupa tirẹ̀ mọ́ bíréèkì.

"Igi tó rà ṣì wà níbẹ̀," ó wí.

Ó dùbúlẹ̀, ó fà wọ abẹ́ ọkọ̀, Inspẹ́kítọ̀ sì gbọ́ tí ọ̀bẹ bẹ̀rẹ̀ sí í ha. Iṣẹ́ ń dúró dè é ní àgọ́. Ẹ̀rù ṣàdédé bà á, ẹ̀rù gidi. Ó fi ẹsẹ̀ ti wẹ́ẹ̀jì, ó sì dúró tì í títí Kúbúrá fi jáde.