Òdìkejì Odò Ni Mo Wà, Màmá

Ní ọjọ́ karùn-ún oṣù kejì ọdún 2010, ọjọ́ Ẹtì, omi dì nínú páìpù gbogbo ilé tó wà ní apá gúúsù ẹnu odò Mawddach. Àgùntàn méjì kú sínú yìnyín lórí òkè. Ọjọ́ náà ni Mererid Pugh fò sílẹ̀ láti inú ọkọ̀-ilé rẹ̀, ọkọ̀ tí èèyàn lè dáná kó sì sùn nínú rẹ̀, kẹ́tùlù lọ́wọ́, tó ń bú sílíńdà gáàsì bí ẹni ń bú ọkọ ọ̀mùtí.

Ohun tí Idwal Roberts kọ́kọ́ rí lára rẹ̀ nìyẹn. Fìlà onírun pupa ló dé, kóòtù bàbá rẹ̀ balẹ̀ dé orúnkún rẹ̀, bàtà òjò aláwọ̀ ìyeyè sì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Bó ṣe ń bú sílíńdà náà ni èéfín funfun ń jáde lẹ́nu rẹ̀. Ọkọ̀ wọn méjèèjì nìkan ló wà ní pápá àgbẹ̀ náà lọ́jọ́ yẹn, nítorí àwọn ọlọgbọ́n ti dúró sílé wọn.

"Ẹ jọ̀ọ́, kí ló ṣe yín?" ni Idwal pè láti ẹnu ọ̀nà ọkọ̀ tirẹ̀.

"Ó kún! Ẹ wá gbé e wò, ó wúwo bí ọmọ màlúù. Àná ni mo rà á, kò sì fẹ́ jó."

Idwal wo sílíńdà náà. Ó ká ètè rẹ̀ mọ́lẹ̀ kó má baà rẹ́rìn-ín. "Búlúù ni."

"Mo mọ̀ pé búlúù ni. Ó bá kọ́tìnì mi mu."

"Ìgbà ooru ni wọ́n ń lo búlúù. Tí òtútù bá ti mú báyìí, gáàsì inú rẹ̀ kì í dìde. Pupa la máa ń gbé wá lásìkò yìí."

"Ẹni tó tà á kò sọ bẹ́ẹ̀ fún mi."

"Ṣé ẹ bi í?"

"Mo bi í bóyá ó ní èyí tó bá kọ́tìnì mi mu."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Idwal kó tó lè dá a dúró. Ó ti pẹ́ tí irú rẹ̀ ti jáde lẹ́nu rẹ̀.

Kò sí èyí tó wá láti ọ̀nà jíjìn nínú àwọn méjèèjì. Mererid ń wa ọkọ̀ àwọn ọmọ iléèwé ní Dolgellau, ó sì lè dé pápá náà kí tíì inú ife rẹ̀ tó tutù. Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti fi í ṣe yẹ̀yẹ́: "Ta ló ń sá kúrò nílé lọ sí ẹ̀yìnkùlé?" Ṣùgbọ́n òun fẹ́ jókòó títí di ọjọ́ Ajé láìsí ọmọ kankan tí yóò máa kígbe lẹ́yìn rẹ̀.

Idwal ní tirẹ̀ ń tún ọkọ̀ ojú omi ṣe ní Abermaw, ìlú tó wà ní òdìkejì omi náà gan-an. Láti ibi tó gbé ọkọ̀ sí, ó ń rí òrùlé ilé ìyá rẹ̀. Ìdí tó fi yan ibẹ̀ nìyẹn. Nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́wàá, bàbá rẹ̀ tukọ̀ jáde lọ pẹja, kò sì padà wálé. Láti ìgbà náà, ìyá rẹ̀, Gwladys, kì í sùn tí kò bá mọ ibi tí ọmọ rẹ̀ wà. Nítorí náà wọ́n ṣe àdéhùn. Tí Idwal bá fẹ́ sinmi nígbà òtútù, ibi tí ìyá ti lè rí i ni yóò lọ. Ní aago méje alẹ́, yóò fi fèrèsé kan sílẹ̀ láìbò, yóò gbé iná síbẹ̀. Ìyá yóò gbé awò olójú méjì tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀, yóò wo òdìkejì odò, yóò rí iná náà, yóò sì lọ sùn.

Obìnrin kan ti wà rí, Beti, olùkọ́. Ó fẹ́ kí Idwal bá òun lọ máa gbé ní Cardiff, ìlú ńlá tó jìnnà. Ọdún méjì ló fi dúró dè é. Idwal kò lè sọ ọ́ fún ìyá rẹ̀. Nígbà tí Beti fẹ́ ẹlòmíràn, Idwal lọ síbi ìgbéyàwó náà. Ó jókòó sórí ìjókòó ẹ̀yìn pátápátá, ẹnì kankan kò sì bá a sọ̀rọ̀.

Lọ́jọ́ Ẹtì yẹn, sílíńdà pupa kan ṣoṣo ni Idwal ní, kò ṣeé pín. Nítorí náà ó ní kí Mererid wá yáná lọ́dọ̀ òun. Mererid gbé ìkòkò ọbẹ̀ ẹran àgùntàn wá, ó sì jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ amúlégbóná bí ológbò.

"Ẹ bo fèrèsé yẹn náà," ni ó wí. "Gbogbo ooru ń gba ibẹ̀ jáde."

Idwal fọwọ́ pa orí. "Ìyá mi ló ń wò ó."

"Ìyá yín? Ẹ̀yin tí irungbọ̀n yín ti ń hewú?"

Kò sọ ọ́ pẹ̀lú ìkà, ṣùgbọ́n ó wọ Idwal lára. Ó bo fèrèsé náà. Ó ní lọ́kàn rẹ̀ pé tó bá di aago méje òun á ṣí i. Ṣùgbọ́n Mererid bẹ̀rẹ̀ ìtàn ọmọ kan tó gbé ọ̀pọ̀lọ́ wọ ọkọ̀ iléèwé, àti bí ọ̀pọ̀lọ́ náà ṣe mú òun kígbe ju àwọn ọmọ lọ. Lẹ́yìn ìyẹn Idwal sọ ti oníbàárà tó kun ọkọ̀ ojú omi rẹ̀ lọ́dà nígbà tí òjò ń rọ̀. Wọ́n lá ìkòkò ọbẹ̀ náà mọ́. Wọ́n ti ń pe ara wọn ní "ìwọ" kí ẹnikẹ́ni nínú wọn tó kíyè sí i. Nígbà tí Mererid fi máa gbé ìgò rọ́bà olómi gbígbóná lọ sínú ọkọ̀ tirẹ̀ láti sùn, aago méje ti kọjá tipẹ́, fóònù Idwal sì ti kú nínú òtútù lórí ìjókòó iwájú.

Ní òwúrọ̀, Mererid ń bọ̀ wá se omi tíì nígbà tó rí arúgbó obìnrin kan lẹ́nu ọ̀nà Idwal. Kóòtù méjì ló wọ̀ lé ara wọn, awò olójú méjì kọ́ sọ́rùn rẹ̀. Ó ti fẹsẹ̀ rin afárá rélùwéè tó gba orí odò náà kọjá, nínú ẹ̀fúùfù.

"Ta ni ìwọ?"

"Ẹ káàárọ̀ mà. Mererid ni mò ń jẹ́."

"Ṣé ọmọ mi wà láàyè?"

"Ó wà láàyè mà. Ó ń hanrun."

"Báwo lo ṣe mọ̀ pé ó ń hanrun?"

"Gbogbo pápá ló ń gbọ́ ọ, mà."

Idwal ṣílẹ̀kùn pẹ̀lú aṣọ òru lọ́rùn. Ìyá rẹ̀ wò ó láti orí dé ẹsẹ̀, omijé sì bọ́ lójú rẹ̀.

"Mo dúró lójú fèrèsé títí ilẹ̀ fi mọ́," ni ó wí. "Mo ti ṣe é nígbà kan rí, Idwal. Mi ò lè ṣe é lẹ́ẹ̀kejì. Kó ẹrù rẹ ká lọ sílé."

"Èmi ni mo ní kó bo fèrèsé," ni Mererid wí jẹ́jẹ́. "Ẹ má bínú mà. Mi ò mọ̀." Ó yí padà, ó wọ ọkọ̀ rẹ̀, ó sì yí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ láti máa lọ.

Idwal dúró. Ó mọ̀ pé tí òun bá jẹ́ kí ọkọ̀ yẹn jáde, orí ìjókòó ẹ̀yìn ni òun yóò tún wà.

Ṣùgbọ́n ọkọ̀ náà kò jáde. Ó bú ramúramù, kò sún. Mererid ti fa bíréèkì ọwọ́ mọ́jú, bíréèkì náà sì ti dì gan-an.

"Ta ló ń fa bíréèkì ọwọ́ nínú òtútù?" ni Gwladys béèrè. Nínú ìbínú rẹ̀, ẹ̀rín fẹ́ yọ.

"Ẹni tó ra gáàsì nítorí kọ́tìnì," ni Idwal dáhùn. Ó gbé omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ láti fi yọ́ yìnyín ara bíréèkì náà, ó sì wọ abẹ́ ọkọ̀.

Láti abẹ́ ibẹ̀, tí ẹrẹ̀ yìnyín ń kán sí i lójú, ó sọ̀rọ̀. "Màmá, nígbà ti Beti, mo dákẹ́. Mi ò ní dákẹ́ lónìí. Mo fẹ́ obìnrin yìí. Màá tọrọ àforíjì lọ́wọ́ yín nítorí àná, ṣùgbọ́n mi ò ní bá yín lọ sílé."

Mererid yọrí láti fèrèsé ọkọ̀ rẹ̀. "Ṣé kí n fèsì, àbí èmi kọ́ ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀?"

"Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́. Kí n tún sá lọ síbo? Bíréèkì ti dì."

Gwladys fara ti ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ náà. "Mo rò pé o kò fẹ́ràn Beti tó ni," ni ó wí fún ẹsẹ̀ ọmọ rẹ̀ tó yọ síta. "O ò sọ nǹkan kan fún mi." Lẹ́yìn náà ó kọjú sí Mererid. "Ìwọ, kí ni iṣẹ́ rẹ?"

"Mò ń wa ọkọ̀ àwọn ọmọ iléèwé, mà."

"Ṣé ọmọ kankan ti sọnù lọ́wọ́ rẹ rí?"

"Rárá mà. Ó máa ń wù mí nígbà míì, ṣùgbọ́n wọn kì í sọnù."

Ìyá arúgbó náà rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sórí àtẹ̀gùn ọkọ̀. Mererid bọ́ fìlà pupa rẹ̀, ó fi dé e lórí, ó sì lọ gbé omi tíì kaná lórí ààrò Idwal. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló jẹun àárọ̀ pọ̀. Nígbà tí ọkọ̀ rélùwéè fẹ́ gbé Gwladys padà, ó ní: "Ẹ dúró títí di ọjọ́ Ajé. Kí ẹ sì bo gbogbo fèrèsé. Òtútù yìí kò ní àánú."

Nígbà tó ti lọ, Idwal fi aṣọ nu ẹrẹ̀ ojú rẹ̀.

"O ò tíì bi mí," ni Mererid wí.

"Ṣé wàá fẹ́ mi?"

"Kọ́kọ́ fọjú rẹ mọ́, olówó orí mi. Lẹ́yìn náà, bẹ́ẹ̀ ni."

Oṣù kejì ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n ṣègbéyàwó ní Abermaw. Gwladys jókòó níwájú pátápátá, ó sì kọrin ju gbogbo èèyàn lọ. Ọ̀sẹ̀ náà gan-an ni Idwal àti Mererid wa ọkọ̀-ilé wọn wọ ọkọ̀ ojú omi ńlá tó ń gbé mọ́tò lọ sí Ireland, ibi tí Idwal ti ń fẹ́ dé láti ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀.

Ní ìgbà òtútù kejì lẹ́yìn ìgbéyàwó náà, ojú Gwladys fọ́. Kò rí odò náà mọ́. Láti ìgbà náà, ní aago méje alẹ́, níbikíbi tí Idwal bá wà, yóò pè é lórí fóònù, yóò ní, "Òdìkejì odò ni mo wà, Màmá," ìyá rẹ̀ yóò sì lọ sùn.