Ọwọ́ Òsì ní Kíláàsì Jemimah

Ẹ̀yìn kíláàsì ni Jemimah ti ń sunkún lọ́jọ́ tí Adérẹ̀mí kọ́kọ́ bá a sọ̀rọ̀. Àwọn méjèèjì ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì ní ilé-ìwé kan ní Ìwó. Ohùn Jemimah ti há sọ́nà ọ̀fun níwájú àwọn ọmọ, wọ́n sì fi í rẹ́rìn-ín. Adérẹ̀mí ra omi fún un, ó jókòó tì í títí ojú rẹ̀ fi gbẹ. Kí oṣù tó parí, wọ́n ti ń fẹ́ra.

Ẹ̀rù kan ṣoṣo ló kù: ọjọ́ tí olùyẹ̀wò yóò wá láti yunifásítì. Bí Jemimah bá kùnà, á gbà pé òun ò lè kọ́ ọmọ láéláé.

Ọjọ́ pé. Jemimah bèèrè ìbéèrè lórí ìtàn tí wọ́n kà, gbogbo ọwọ́ ló lọ sókè. Ó pe ọmọ mẹ́ta, wọ́n gbà á. Ìgbà náà ló rí i pé ọwọ́ òsì làwọn kan nà. Ta ni kò mọ ọgbọ́n yẹn láàárín àwọn tó ń kọ́ṣẹ́? Ẹni tó mọ ìdáhùn á na ọ̀tún, ẹni tí ò mọ̀ ọ́n á na òsì, kí olùkọ́ lè mọ ẹni tí yóò pè níwájú olùyẹ̀wò. Òun kọ́ ló kọ́ wọn. Adérẹ̀mí ni, torí òun nìkan ló mọ bí ẹ̀rù ọjọ́ yìí ṣe ń bà á tó.

Ó dùn ún wọra. Ó mọ̀ọ́mọ̀ pe Ṣèyí, tó na òsì.

Ṣèyí ń wò bọ̀ọ̀. Jemimah ní kó kọ́kọ́ fi Yorùbá sọ ìtàn náà, lẹ́yìn náà wọ́n jọ ń túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀díẹ̀, títí Ṣèyí fi dáhùn fúnra rẹ̀. Olùyẹ̀wò rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì fún Jemimah ní máàkì tó dáa.

Lẹ́yìn kíláàsì, Jemimah bi Adérẹ̀mí léèrè ìdí tó fi kọ́ àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀. Ó ní òun ò fẹ́ kí ojú tì í ni.

“O fẹ́ràn mi,” ni Jemimah wí, “ṣùgbọ́n o ò gbà pé mo lè ṣe é.”

Ọ̀sẹ̀ méjì ni kò fi gbé ìpè rẹ̀. Ìyá Jemimah, tíṣà tó ti fẹ̀yìntì, náà dá sí i. Ó ní, “Àánú rẹ ló ń ṣe é. Àánú dáa, àmọ́ a kì í fi ṣe ọkọ.”

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé, Adérẹ̀mí dé ilé wọn, ó dọ̀bálẹ̀ fún ìyá, kò sì tètè dìde.

“Mà, ọgbọ́n yẹn ni mo fi yege lọ́dún tó kọjá. Èmi gan-an ni mi ò gbà pé mo lè kọ́ni. Lọ́jọ́ Ajé, wọ́n ń bọ̀ wá wò mí.” Ó yíjú sí Jemimah. “Olólùfẹ́ mi, jọ̀ọ́, kọ́ mi bó o ṣe ṣe é fún Ṣèyí.”

Ìyá fa àga kan síwájú ọmọ rẹ̀, ó wọlé lọ.

Inú Jemimah rọ̀.

“Jókòó,” ló wí. “Mú ìwé rẹ jáde.”