Ìlà tí Ẹ̀jẹ̀ Kò Fà

Omi lásán ló kán sórí ike tí wọ́n fi ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Láti ara ìgò yìnyín tó wà lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì ló ti kán, síbẹ̀ ìlà aláwọ̀ ewé yọ: ara le, kò sí àrùn nínú ẹ̀jẹ̀. Nọ́ọ̀sì wo ike. Ó wo ẹnu ọ̀nà. Ó wo àbúrò rẹ̀ obìnrin lórí bẹ́ẹ̀dì, tí ara rẹ̀ ń hó bí ìkòkò orí iná. Irú ike yìí náà ló ní ara àbúrò yìí le. Ìdí nìyẹn tí dókítà kò fi tíì fún un ní oògùn.

Ojúlówó ike kò ju èékánná lọ. Ihò tó tín-ín-rín ju irun lọ wà nínú rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ á yọ́ gba ibẹ̀, àwọn hóró bíńtín tí ojú kò rí á sì gbá àrùn mú. Ayẹ̀jẹ̀wò, bí wọ́n ṣe ń pe oníṣòwò kan, ló ń kó èyí tí wọ́n ń lò wá sí ilé ìwòsàn náà.

Nọ́ọ̀sì pe dókítà, òun náà kán omi sórí òmíràn. Ìlà yọ. Ó ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ oògùn lójú ẹsẹ̀, ó sì pe ọlọ́pàá. Oògùn yẹn kò bá baba tó wà ní bẹ́ẹ̀dì kejì, tí ike ní ara òun náà le, láàyè.

Wọ́n ránṣẹ́ sí Ayẹ̀jẹ̀wò pé ọjà ti tán. Ó dé tẹ̀rín-tẹ̀rín, àfi bó ṣe rí bàtà ọlọ́pàá lábẹ́ kọ́tìnì. Ó ju báàgì sílẹ̀, ó já wọ yàrá ìfọṣọ, ó gun fèrèsé. Gíláàsì fọ́, ó ya á lọ́wọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ há. Ibẹ̀ ni wọ́n ti fà á sọ̀ kalẹ̀.

Gbogbo ohun tí wọ́n bi í, ó ní òun kò mọ̀ nípa rẹ̀. Ọlọ́pàá wo ọwọ́ rẹ̀ tó ń ṣẹ̀jẹ̀.

“Bọ̀dá, egbò yìí lè kẹ̀ o. Ike tìẹ la máa fi yẹ̀ ọ́ wò. Ohun tó bá sọ la máa gbà.”

Òógùn bo Ayẹ̀jẹ̀wò.

“Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má fi yẹ̀ mí wò.”

“Kí ló dé? Ọjà ẹ kò dáa ni?”

“Kò sí hóró kankan nínú ẹ̀. Aró ni mo kùn síbẹ̀. Ohunkóhun tó bá ti tutù ló ń mú un yọ.”

“Itọ́ ńkọ́?”

“Itọ́ náà, sà.”

“Omi ojú ńkọ́?”

Ó tẹ orí ba. “Omi ojú náà, sà.”

Wọ́n kó o lọ. Àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn ń wá gbogbo ẹni tí wọ́n ti tìtorí ike náà dá padà sílé kiri, wọ́n sì rí ọ̀pọ̀ wọn láàyè.

Nígbà tí ara àbúrò tutù, nọ́ọ̀sì sọ fún un pé ọwọ́ ti tẹ ọkùnrin náà.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ó dáa bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ike ní ara mi le, mo ti ń bú ara mi pé ọ̀lẹ ni mí.”