Yàrá Tó Fẹ̀ Nínú Fọ́tò

Orin ni Ìbílọlá ń kọ láàárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta náà bó ṣe ń nu kámẹ́rà rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù fọ́tò rẹ̀ ní Igbó-Ọrà. Láti ìgbà tó ti ra lẹ́ńsì wáìdì tuntun ni inú rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ bàjẹ́ mọ́. Lẹ́ńsì náà kò tóbi ju agolo tòmátò kékeré lọ, síbẹ̀ ó ń rí gbogbo igun ilé lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ti fi ya ìkómọ ìbejì nínú pálọ̀ tóóró kan: bàbá, ìyá, ìbejì méjèèjì àti ìyá àgbà mẹ́rin, kò sẹ́ni tó ṣẹ́kù síta.

Fóònù rẹ̀ dún. Japheth ni, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń ṣe tíṣà ní Ṣakí.

"Ìbílọlá, máa bọ̀ ní Èrúwà o! Wọ́n ti gbé iṣẹ́ mi wá síbẹ̀. Èmi àti Salome la ń kó ẹrù wọlé báyìí. A ò sọ fún ẹ tẹ́lẹ̀, a fẹ́ yà ẹ́ lẹ́nu ni."

Ìbílọlá pariwo ayọ̀, ó gbé kámẹ́rà kọ́rùn, ó gun ọ̀kadà.

Nígbà tó débẹ̀, bẹ́ẹ̀dì ńlá kan wà níwájú ilé, ọkùnrin mẹ́ta sì ń làágùn lára rẹ̀. Wọ́n ti yí i sọ́tùn-ún, wọ́n ti yí i sósì, wọ́n ti gbé e nàró. Yàrá kò gbà á. Salome, ìyàwó Japheth, tí oyún rẹ̀ ti pé oṣù méje, jókòó sórí mátíráàsì lábẹ́ igi máńgòrò, omi lé ròrò sójú rẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀, àǹtí mi. Ẹ wo ohun tí a rí lórí Fesibúùkù, ẹ wá wo ohun tí a bá nílé. Mo ti fọkàn yan ibi tí ọmọ máa sùn."

Ìbílọlá wo fọ́tò inú fóònù Salome. Òun ló yà á. Àkíbù, ẹni tó ń bá àwọn onílé wá ayálégbé, ló bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́. "Àǹtí, ẹ jẹ́ kó fẹ̀ o!" ló sọ lọ́jọ́ náà. Ìbílọlá rẹ́rìn-ín, ó fẹ̀yìn ti ògiri, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, yàrá tí kò ju ilé adìyẹ lọ sì dà bíi gbọ̀ngàn.

Ì bá dákẹ́, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Ṣùgbọ́n ojú Salome kò jẹ́ kó lè dákẹ́.

"Ẹ̀gbọ́n mi, èmi ni mo ya fọ́tò yìí."

Japheth yíjú sí i. "Ìwọ kẹ̀?"

"Èmi ni. Lẹ́ńsì yìí máa ń na ibi tó kéré. Ohun tó wà nítòsí á tóbi, ògiri iwájú á sún jìnnà. Ẹ wo táìlì ilẹ̀: ti ìsàlẹ̀ fọ́tò tó mẹ́ta tòkè, bẹ́ẹ̀ ọgbọọgba ni gbogbo wọn. Ẹ tún wo ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ yìí bó ṣe fà gùn. Ibi tí ẹ bá ti rí irú èyí, ẹ fura. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí."

Japheth ká ọwọ́ lérí. "Ǹ bá ní kó o bá wa wò ó, ìyanu la ń ṣe! Àkíbù sì ní ẹlòmíràn fẹ́ gbà á kílẹ̀ tó ṣú, la fi sáré sanwó."

Salome ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. "Àǹtí mi, ẹ kúkú fi lẹ́ńsì náà ya bẹ́ẹ̀dì yìí kó kéré, kó lè wọlé!"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín títí àwọn tó gbé bẹ́ẹ̀dì fi jókòó sílẹ̀.

Ìbílọlá pe Àkíbù. Ó dé, ó fẹ́ jiyàn. "Ṣé mo ní kí wọ́n má wá wò ó ni?"

"Àkíbù, àwa méjèèjì la purọ́," ni Ìbílọlá wí. "Bí o kò bá wá yàrá tó gba bẹ́ẹ̀dì fún wọn, màá sọ gbogbo rẹ̀ lórí Fesibúùkù, orúkọ tèmi ló sì máa ṣíwájú."

Kó tó di ìrọ̀lẹ́, Àkíbù ti wá ilé míì fún wọn, onífèrèsé méjì. Àkíbù fúnra rẹ̀ ló ru mátíráàsì. Bẹ́ẹ̀dì wọlé wọ̀ọ̀, ibi tó kù sì tó kí Salome jó, ó sì jó.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Ìbílọlá tún gbogbo yàrá tó ti yà fún àwọn onílé yà. Ó mú kí ènìyàn dúró láàárín, ó sì kọ gígùn àti ìbú yàrá sábẹ́ fọ́tò. Onílé méjì kò pè é mọ́. Ó gbà bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń wá ilé, fọ́tò kì í ṣe yàrá. Kí ẹ tó sanwó, ẹ dé ibẹ̀. Bí ọ̀nà bá jìn, ẹ rán èèyàn yín kó fẹsẹ̀ wọ̀n ọ́n láti ògiri dé ògiri. Ẹni tó bá ń lé yín pé kí ẹ tètè san án, ẹ sá fún un. Ẹ̀yin ayàwòrán ẹlẹgbẹ́ Ìbílọlá, àlejò tó ń wo fọ́tò yín láti ọ̀nà jíjìn, ọmọ ìyá ẹnìkan ni.