Fàdílà Wà Lórí Òkun

Ọmọbìnrin kan dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù Rìdwánù ní Komah, àdúgbò kan ní Sokodé, ó di àpótí kékeré kan mọ́ àyà bí ẹni gbé ọmọ tuntun, oòrùn ọ̀sán sì ń tàn sí i lójú débi pé ojú kan ṣoṣo ló lè là. Rìdwánù gbàgbé pé ẹsẹ̀ òun wà lórí ẹ̀rọ ìránṣọ. Nígbà tó fi máa mọ̀, ó ti rán apá ẹ̀wù oníbàárà pọ̀ mọ́ ọrùn rẹ̀.

Aṣọ dúdú ni ọmọbìnrin náà ń wá, èyí tí ìmọ́lẹ̀ kò lè gbà kọjá, kó fi ṣe àpò fún àpótí náà. Rìdwánù béèrè ohun tó wà nínú rẹ̀. Ó ní ẹ̀rọ tó ń ká àwọn ohun tíntìntín mọ́ ni, àwọn tó ń já bọ́ láti òkè ọ̀run, tí wọ́n ń gba inú páànù àti orí ènìyàn kọjá láìjẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀.

"Bí a ṣe dúró yìí, wọ́n ń gba àtẹ́lẹwọ́ yín kọjá."

Rìdwánù wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ọmọbìnrin náà bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló pa á, mi ò ní purọ́ fún yín.

Ó rán àpò náà ní ìlọ́po méjì. Nígbà tí ẹni tó ni ín padà wá, ó ti iná tọ́ọ̀ṣì bọ inú rẹ̀, ó sì fi hàn án: gbogbo ibi tí abẹ́rẹ́ ti gún ló ń tàn wínníwínní bí ìràwọ̀.

"Aránṣọ, ojú ọ̀run ni ẹ rán fún mi."

Ó tún un rán. Ó tún bà á jẹ́. Àwọn kan ní Komah sọ pé ó mọ̀ọ́mọ̀ bà á jẹ́ lẹ́ẹ̀kejì ni, kí ọmọbìnrin náà lè padà wá. Mi ò sí níbẹ̀, ṣùgbọ́n mo gbà wọ́n gbọ́.

Fàdílà ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Hàrúnà tó ń gbin iṣu ní Kambolé. Ó ka ìwé ní Kambolé, ó lọ sí lycée, ilé ìwé girama, ní Tchamba, ó lọ sí yunifásítì ní Lomé, ó sì gba oyè dókítà ní ilẹ̀ Faransé. Kò sí ọmọ Kambolé kankan tó ti ṣe irú iṣẹ́ rẹ̀ rí. Bí wọ́n bá bi Hàwáù, ìyá rẹ̀, léèrè iṣẹ́ tí ọmọ rẹ̀ ń ṣe, á ní, "Ohun tí a kò rí ló ń kà." Ìsinmi ni Fàdílà wá lò nílé, ó sì gbé àpótí náà wá láti fi han àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Sokodé.

Kí ìsinmi náà tó parí, Rìdwánù sọ ọ̀rọ̀ tó wà lọ́kàn rẹ̀. "Fàdílà, mi ò mọ nǹkan kan nípa ohun tó ń gba ara ènìyàn kọjá. Èyí tó wọlé tí kò jáde mọ́ ni mo mọ̀."

"Ọ̀rọ̀ aránṣọ nìyẹn?"

"Ọ̀rọ̀ Rìdwánù ni, olólùfẹ́ mi."

Fàdílà kò rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà. Ó ní òun náà ti ń rò ó.

Ó padà sí Faransé, àárò rẹ̀ sì sọ Rìdwánù gidigidi. Bí obìnrin kan bá kọjá nínú oòrùn, á gbé orí sókè. Ó rán àwọn àgbà lọ sí Kambolé láti tọrọ rẹ̀, Hàrúnà kò sì sọ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Ọkọ tí yóò dá ọmọ òun dúró sílé ni bàbá náà ń wá. Yàhàyá, oníṣòwò iṣu láti apá Benin, ti ṣèlérí fún un pé bí òun bá fẹ́ Fàdílà, Tchamba ni yóò ti máa ṣe tíṣà, kò ní sọdá òkun mọ́.

Lọ́jọ́ kan Fàdílà pe Rìdwánù, inú rẹ̀ ń dùn. Wọ́n fẹ́ sọ àwọn ojú gíláàsì ńláńlá sí ìsàlẹ̀ òkun, níbi tó ṣókùnkùn jù, kí wọ́n lè rí àwọn ohun tíntìntín tó ti la inú ilẹ̀ ayé já. Òun ni wọ́n fi ṣe olórí iṣẹ́ náà, òun fúnra rẹ̀ ni yóò sì bá ọkọ̀ ojú omi lọ. Kò gba irú ipò bẹ́ẹ̀ rí.

"Kò sí réseau lórí òkun, Rìdwánù, fóònù mi kò ní wọlé. Jọ̀ọ́, má sọ fún Bàbá."

Rìdwánù mọ ìdí rẹ̀. Odò Mono ló gbé àkọ́bí Hàrúnà lọ, láti ìgbà náà ni bàbá kò ti fẹ́ gbọ́ pé ọmọ òun sún mọ́ omi. Ó ṣèlérí pé òun kò ní sọ.

Ọkọ̀ ojú omi ti gbéra nígbà tí Hàrúnà sọ ọ̀rọ̀ sínú fóònù, ó fi ránṣẹ́ sí ọmọ rẹ̀: Yàhàyá ń tọrọ rẹ̀, bí kò bá fẹ́ ẹ, kó wí. Ní Kambolé, wúńdíá tí wọ́n bi léèrè ọ̀rọ̀ ọkọ tó sì dákẹ́ ti gbà nìyẹn, ìtìjú ni kò jẹ́ kó lanu. Bàbá rẹ̀ àti ọkọ lè so yìgì ní mọ́sáláṣí láìjẹ́ pé ìyàwó wà níbẹ̀. Hàrúnà dúró, dúró, kò gbọ́ nǹkan kan. Inú rẹ̀ dùn. Ó fi yìgì sí ọjọ́ Jímọ̀.

Hàwáù ló pe Rìdwánù, ó ní òun kò fẹ́ kó gbọ́ ọ lẹ́nu ará ọjà. Rìdwánù gun ọ̀kadà rẹ̀ lọ sí Kambolé, ìlérí tó ṣe sì ń jẹ ẹ́ lọ́kàn ní gbogbo ọ̀nà. Ó bá Hàrúnà àti Yàhàyá lójúde mọ́sáláṣí, agbọ̀n obì wà láàárín wọn.

"Bàbá, Fàdílà kò dákẹ́. Kò gbọ́ ni."

"Ta ló sọ fún ọ?"

"Orí òkun ló wà, Bàbá, nínú bateau. Ó ní kí n má sọ fún yín."

Ó gba fóònù Hàrúnà, ó fi àmì kan ṣoṣo tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rọ̀ náà hàn wọ́n. Bí ọ̀rọ̀ bá dé, àmì á di méjì.

Yàhàyá ló kọ́kọ́ dìde. Ènìyàn rere ni, ẹ má bínú sí i. Ó ní òun kò lè fẹ́ ẹni tí kò gbọ́ ìbéèrè, ó sì fi obì rẹ̀ sílẹ̀ lọ.

Hàrúnà ò tilẹ̀ rí i. Ó ti jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Ìwọ mọ̀ pé ọmọ mi wà lórí omi, o sì ń sùn?"

"Mi ò sùn, Bàbá."

Bàbá wò ó títí. Ó ní kó má tíì padà sí Sokodé. Àwọn méjèèjì jọ ń lọ sóko, wọ́n jọ ń kọ ebè iṣu, Hàrúnà sì fi fóònù sínú fìlà, níbi tí etí rẹ̀ kò ti ní jìnnà sí i. Ẹ̀rù kan náà ló ń ba àwọn méjèèjì.

Ọ̀sán ni fóònù náà dún, lórí ebè: ọkọ̀ Fàdílà ti yà sí èbúté. Hàrúnà gbọ́ ohùn ọmọ rẹ̀, omijé sì ń dà lójú rẹ̀. Rìdwánù ló gba fóònù náà.

"O sọ fún un," ni Fàdílà wí.

"Mo sọ. Bínú sí mi bó bá ṣe wù ọ́. Ó sàn kí o bínú sí mi ju kí o sọ̀kalẹ̀ kí o bá ọkọ tí o kò mọ̀ ní èbúté."

Fàdílà ní kó gbé fóònù fún bàbá òun. Hàrúnà nu ojú, ó sì bi í ní ìbéèrè náà pẹ̀lú ẹnu ara rẹ̀: ta ló fẹ́?

"Rìdwánù ni mo fẹ́, Bàbá. Iṣẹ́ mi náà, mi ò ní fi sílẹ̀."

"Ta ló ní kí o fi sílẹ̀? Ṣáà máa sọ fún mi bí o bá ń lọ sórí omi."

Wọ́n so yìgì náà ní Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e. Fàdílà kò lè wá, iṣẹ́ òkun kò tíì parí. Rìdwánù jókòó láàárín àwọn ọkùnrin, wọ́n pín obì, wọ́n kí i kú oríire, kò sì sí ìyàwó tí yóò wò lójú.

Ó yẹ kí àwọn obìnrin sin ìyàwó lọ sílé ọkọ. Hàwáù kò rí ẹni sìn, ló bá di ẹrù ọmọ rẹ̀: abọ́, ìkòkò, aṣọ, ẹní ìkírun. Ó fi mọ́tò gbé e wá sí Komah, ó kó o sínú yàrá Rìdwánù.

"Ẹrù ìyàwó rẹ nìyí," ló wí. "Òun náà ń bọ̀."

Nígbà tó lọ tán, Rìdwánù jókòó sáàárín ẹrù náà, kò fọwọ́ kan nǹkan kan. Lẹ́yìn ìrun ìrọ̀lẹ́, Fàdílà pè láti èbúté. Ó béèrè bóyá ẹrù òun ti dé, bóyá ó ti tò wọ́n.

"Mi ò tò ó."

"Kí ló dé?"

"Bí mo bá tò ó, á dà bíi pé o ti wà níbí. Mi ò fẹ́ kó dà bíi."

Ohùn Fàdílà rẹlẹ̀. "Jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀, ọkọ mi. Èmi ni n ó wá tú u."