Moróunkẹ́ Tó Fi Abẹ́rẹ́ Wá Èwe

Ẹ sún mọ́bí, ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mú dígí lọ́wọ́, ẹ gbé e kalẹ̀ ná, ojú yín ò ní sá lọ. Ọ̀rọ̀ Moróunkẹ́ ni mo fẹ́ sọ.

Moróunkẹ́ ń ta léèsì ní Dùgbẹ̀, ó ń dá gbé ní Bódìjà. Ọkọ ẹ̀ ti kú. Ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta ni, àmọ́ ó ti sọ fún Akínbíyìí, ọkùnrin tó fẹ́ fẹ́ ẹ, pé òun ṣẹ̀ṣẹ̀ pé márùndínláàádọ́ta. Ọdún mẹ́tàlá fò lọ bí ẹyẹ.

Kí irọ́ náà lè dúró, ó wá ilé ìtọ́jú awọ kan lọ ní Ring Road. Wọ́n á fi ìpara kan pa á lójú títí ojú á fi kú tí kò ní mọ ìrora mọ́, wọ́n á wá máa fi ẹ̀rọ abẹ́rẹ́ wínníwínní gún un káàkiri, kí awọ lè sọ ara ẹ̀ di ọ̀tun. Ó ṣe é lẹ́ẹ̀kíní, ó ṣe é lẹ́ẹ̀kejì. Ojú ń dán. Ẹ jẹ́ ká sòótọ́, ó ń dán.

Àárín ìgbà yẹn ni Olúbùsọ́lá, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, bímọ ní Baṣọ̀run. Ẹ mọ̀ pé ìyá ìyàwó ló ń lọ wẹ ọmọ.

"Mọ́mì, ìgbà wo lẹ ń bọ̀? Ẹ̀rù ń bà mí láti gbé e sómi."

Moróunkẹ́ rò ó: tí Akínbíyìí bá gbọ́ pé òun ti dìyá àgbà ńkọ́?

"Ọjà ò jẹ́ kí n ráyè."

Olúbùsọ́lá ní, "Ó dáa, ma." Oṣù márùn-ún kọjá, kò pè mọ́.

Moróunkẹ́ lọ gún ojú lẹ́ẹ̀kẹta. Wọ́n kìlọ̀ fún un pé kó má fi nǹkan kan kàn án. Ó délé, ó ní ihò tí abẹ́rẹ́ ti ṣí sílẹ̀ yìí, tí ọṣẹ dúdú àti omi ọsàn wẹ́wẹ́ bá gbabẹ̀ wọlé, iṣẹ́ á yá. Ló bá fi wọ́n pa ojú. Iṣẹ́ mà yá. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, ojú ti wú bíi búrẹ́dì inú ààrò, omi ń sun níbẹ̀. Akínbíyìí yọjú, ó wò ó, ó ní òun gbàgbé nǹkan sínú mọ́tò. Ó ṣì ń wá a títí dòní.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni Moróunkẹ́ fi ta kọ́tìnnì sílẹ̀. Ó sebẹ̀, òun nìkan ló jẹ ẹ́. Ó tan tẹlifíṣọ̀n kó lè gbóhùn èèyàn. Fóònù ò dún.

Adétutù, ọ̀rẹ́ ẹ̀ láti ilé ìwé, ló kan ilẹ̀kùn ní Ọjọ́rú.

"Ṣé ìwọ nìyí, àbí wọ́n ti fi ilé yìí háyà fún ẹlòmíì?"

"Má fi mí ṣẹ̀sín, Tutù."

"Èmi àti ẹ tí wọ́n bí lọ́dún kan náà?" Ó jókòó tì í, ohùn ẹ̀ rọ̀. "Moróunkẹ́, alájọgbélé ló bá ọmọ ẹ wẹ ọmọ. O ń gún ojú kí wọ́n lè fẹ́ràn ẹ. Jésù ti fẹ́ràn ẹ tẹ́lẹ̀, ló ṣe jẹ́ kí wọ́n fi ẹ̀gún gún òun lórí. Ó mọ irọ́ tó o pa. Ó mọ ọmọ tó o kọ̀. Ó ṣì ń pè ẹ́."

Moróunkẹ́ bú sẹ́kún, omijé ń ta á lójú egbò. Ó kúnlẹ̀. "Jésù, mo parọ́. Mo kọ ọmọ mi. Dárí jì mí."

Ojú ẹsẹ̀ náà ló rí ìdáríjì gbà. Ọkàn ẹ̀ fúyẹ́.

"Dìde," Adétutù ní, "ká lọ sí Baṣọ̀run."

"Jẹ́ kójú mi jinná ná. Ó di Sátidé."

Ìwọ tó ò ń ka ìwé yìí, kí lò ń dúró dè? Jésù ò ní kó o tún ojú ṣe kó o tó wá. Wá bó o ṣe wà. Ẹ̀ṣẹ̀ tó o mọ̀, jẹ́wọ́ ẹ̀ lónìí. Ẹni tó o ṣẹ̀, tọ̀ ọ́ lọ lónìí. Má sọ pé ó di ọ̀la, ọ̀la kì í ṣe tìẹ.

Nígbà tí Moróunkẹ́ dé Baṣọ̀run ní Sátidé, alájọgbélé wọn ló sọ fún un pé Olúbùsọ́lá ti gbé ọmọ wọ bàálù lọ Kánádà ní Ọjọ́bọ̀.