Ọkọ̀ Tó Wọ Sùtánà

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà, kó wọlé. Ẹni tó gbé ẹ̀wà ka iná, kó dín iná kù kó wá jókòó. Kí n tó sọ̀rọ̀ tán, ẹ̀wà á ti jinná. Ìtàn ìfẹ́ ni mo gbé wá, ó sì lórin. Orin rẹ̀ kò le rárá. Bí mo bá dá a, jẹ́jẹ́ ni kí ẹ máa gbè:

Ọkọ̀ ń sáré o — Jẹ́jẹ́!
Ìjánu ti já o — Jẹ́jẹ́!
Ọmọ ń bọ̀ lọ́nà — Jẹ́jẹ́!
Bá mi kó o níjàánu o — Jẹ́jẹ́!

Ẹ ṣeun. Ohùn yín dùn ju ti àná lọ.

Ọmọ Àpáta nílùú Ìbàdàn ni Mùstàfá, dírẹ́bà takisí. Lọ́dún 1982 ló fi òógùn ojú rẹ̀ ra ọkọ̀ pupa kékeré kan ní tuntun. Ọkọ̀ náà ń dán, iná rẹ̀ ń tàn yanran, ìjánu rẹ̀ nìkan ló lórí kunkun. Bó bá wù ú, á mú. Bí kò bá wù ú, ẹsẹ̀ Mùstàfá á rì bí ẹsẹ̀ ẹni tó tẹ ẹrẹ̀. Ó ti wá mọ́ ọn lára láti máa tẹ̀ ẹ́ léraléra. Bó bá jókòó síbi tó ti ń jẹun pàápàá, ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ kì í sinmi. Á máa lu ilẹ̀: gbì, gbì, gbì.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé kan, Mùstàfá ń sọ̀ kalẹ̀ ní Òkè Àdó, èrò mẹ́ta lẹ́yìn, ẹnì kan níwájú. Ó ṣàdédé gbọ́ tí obìnrin kan ń kígbe lẹ́bàá títì:

"Jẹ́jẹ́! Jẹ́jẹ́ ooo!"

Mùstàfá bojú wo ẹ̀bá títì. Ó ní, "Wọ́n ti rí mi!" Ó tẹ ìjánu, ilẹ̀ ló bá. Ó tún un tẹ̀, ilẹ̀ náà ni. Obìnrin yẹn tún kígbe, ó le ju ti àkọ́kọ́ lọ:

"Jẹ́jẹ́! Ṣé o ò gbọ́ ni?"

Mùstàfá yọ orí lójú fèrèsé. "Mo gbọ́, mà! Kò mú ni!"

Ó yí ọwọ́ ọkọ̀ sínú àgbàlá kan tó ṣí sílẹ̀. Àgbàlá náà, aṣọ funfun ni wọ́n sá síbẹ̀, sùtánà àwọn ará ìjọ aláṣọ funfun, lórí okùn mẹ́ta. Ọkọ̀ gba okùn kìíní, ó gba ìkejì, ó gba ìkẹta, ó wá forí sọ òkìtì yanrìn, ó dúró. Èéfín ń jáde lẹ́ńjìnnì, sùtánà wà lára ọkọ̀ láti orí dé ìdí, apá aṣọ kan ń jù fẹ̀rẹ̀fẹ̀rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ dígí.

Kò sẹ́ni tó fara pa. Èrò tó wà níwájú bọ́ sílẹ̀, ó wo ọkọ̀, ó wo fìlà Mùstàfá. Ó ní, "Ọkọ̀ ọmọ àlùfáà ti di wòlíì lónìí!"

Ibẹ̀ ni ọmọbìnrin kan ti sáré jáde nínú ilé, áyọ́ọ̀nù gbígbóná lọ́wọ́ rẹ̀. "Mà! Ẹ pè mí, mà?"

Mùstàfá wò ó, ó wo obìnrin tó ń kígbe lẹ́ẹ̀kan, tí í ṣe ìyá ọmọ náà. "Ìwọ ni wọ́n ń pè?"

"Èmi ni Jẹ́jẹ́. Jẹ́jẹ́lọlá."

"Mo ṣebí èmi ni wọ́n ń kìlọ̀ fún."

Ọmọbìnrin náà bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí áyọ́ọ̀nù fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ mi, ọkọ̀ Mùstàfá ti dúró sínú yanrìn, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò dúró. Ọkàn rẹ̀ ń yí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lọ.

Ìyá Jẹ́jẹ́ kò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Aṣọ àwọn ará ìjọ ló ń fọ̀, tó ń lọ̀, tó fi ń jẹun, òun àti ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo yìí. Ó dúró ti bọ́nẹ́ẹ̀tì. "Wọ́n ti fi ọkọ̀ tí kò níjàánu pa mí lọ́kọ. Ṣé ìwọ fẹ́ wá pa mí lọ́mọ ni?"

Mùstàfá dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú yanrìn. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ foríjì mí. Mo máa fọ gbogbo aṣọ yìí."

"O máa fọ̀ ọ́ dandan. Ọwọ́ ara rẹ lo sì máa fi fọ̀ ọ́."

Láti ọjọ́ náà, Mùstàfá kò fi ọkọ̀ yẹn gbé èrò mọ́. Ọkọ̀ ẹlòmíì ló ń bá wọn wà láàárọ̀. Lọ́sàn-án, ó wà ní Òkè Àdó, ó ká ṣòkòtò sókè, ó ń fọ sùtánà. Ọ̀sẹ̀ kan ló yẹ kó gbà á. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi fọ̀ ọ́.

Jẹ́jẹ́ sọ fún un pé, "Bọ̀dá Mùstàfá, èyí tẹ́ ẹ fọ̀ lánàá lẹ tún ń fọ̀ yẹn."

"Kò tíì mọ́ tó."

"Kò tíì mọ́ tó, àbí ẹ ò tíì fẹ́ lọ?"

Mùstàfá rẹ́rìn-ín músẹ́. Ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ ń lu ilẹ̀ nínú omi ọṣẹ: gbì, gbì.

"Kí ló ń ṣe ẹsẹ̀ yín?"

"Ìjánu ló ń wá."

Ìgbà yẹn ló tó tú àṣírí tó wà nísàlẹ̀ àga ọkọ̀ rẹ̀. Lẹ́tà kan ni, tó ti wá láti ilé iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ náà. Ó ti pa á mọ́ síbẹ̀ fún oṣù mẹ́rin. Ẹnì kan tó kà á fún un ní gáréèjì Challenge ló ní àwọn òyìnbó ń pe ọkọ̀ náà padà.

Ó ní, "Jẹ́jẹ́, ọkọ̀ tí mo fi òógùn ojú mi rà, wọ́n ní kí n dá a padà! Mo bá fi lẹ́tà pamọ́. Bí mo bá rí ẹni tó wọ táì báyìí, àdúgbò míì ni mo máa ń gbà."

Jẹ́jẹ́ ka lẹ́tà náà lẹ́ẹ̀mejì. Ó fi bo ojú, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n tẹ̀rín-tẹ̀rín. "Bọ̀dá Mùstàfá! Wọn ò gba ọkọ̀ lọ́wọ́ yín o. Wọ́n ní rọ́bà kékeré kan wà nínú ìjánu gbogbo ọkọ̀ irú èyí tí kò dáa. Bó bá ti gbóná, ó ń wú. Ẹ gbé ọkọ̀ lọ, wọ́n á yọ ọ́, wọ́n á fi tuntun sí i, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ tún wá lọ ń sá fún ẹni tó fẹ́ wò yín sàn!"

Ojú ti Mùstàfá, inú rẹ̀ sì dùn. Ìdùnnú yẹn ló kì í láyà. Ó nu ọwọ́ nù, ó tọ Ìyá Jẹ́jẹ́ lọ níbi tó jókòó lé àpótí, ó sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀. Ó ní òun fẹ́ràn Jẹ́jẹ́, òun fẹ́ fi ṣaya.

Ìyá ká aṣọ tó wà lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, ó gbé e sílẹ̀. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀. "Ti ẹ̀sìn kọ́ ni mo máa sọ. Mùsùlùmí ni ìyá tó bí mi. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ ọjọ́ kan, Bàbá Jẹ́jẹ́ ní òun ń lọ sí Abẹ́òkúta. Ọkọ̀ akẹ́rù tó wọ̀, ìjánu rẹ̀ já lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Jẹ́jẹ́ wà nínú mi nígbà yẹn. Ìdí tí mo fi sọ ọ́ ní Jẹ́jẹ́lọlá nìyẹn. Ọkùnrin tí kò lè kó ọkọ̀ níjàánu, èmi ò lè fi ọmọ lé e lọ́wọ́."

"Màmá, wọ́n máa tún un ṣe. Lẹ́tà rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi."

"Lẹ́tà kò dá ọkọ̀ dúró rí. Èmi máa gbé àpótí yìí sójú ọ̀nà, màá jókòó lé e. Ọjọ́ tí ọkọ̀ rẹ bá sọ̀ kalẹ̀ tó dúró níwájú mi láìsí yanrìn, ọjọ́ náà ni kó o lọ kó àwọn ẹbí rẹ wá. Ṣùgbọ́n bí ìkórè ìjọ wa bá kọjá, ọmọ Ajíbóyè ní Bódìjà, tó ti ń bẹ̀ mí pé òun fẹ́ fi Jẹ́jẹ́ ṣaya, ni màá fún. Òun kò ní ọkọ̀. Ẹsẹ̀ ló fi ń rìn, kò sì forí sọ aṣọ ẹnikẹ́ni rí."

Ìkórè ku oṣù méjì.

Mùstàfá gba ilé àwọn tó ń ta ọkọ̀ náà lọ, ní Ring Road. Akọ̀wé kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Sàídì. Sàídì wo lẹ́tà, ó yí i sókè, ó yí i sódì.

"Rọ́bà kò tíì dé láti òkè òkun. Padà wá ní Ọjọ́bọ̀."

Ó padà lọ ní Ọjọ́bọ̀. "Ó ti dé ní Èkó, kò tíì dé Ìbàdàn. Ọjọ́bọ̀."

Ó tún lọ. "Ẹni tó máa fọwọ́ sí i kò wá síbi iṣẹ́. Ọjọ́bọ̀."

Ẹ̀yin ọmọ mi, àwọn baba wa kò ṣì sọ ọjọ́ náà lórúkọ. Ọjọ́ ìbọ̀ ni lóòótọ́: bí Mùstàfá bá ti lọ, lófo ní ń bọ̀! Ọjọ́bọ̀ mẹ́fà. Kò lè jẹun, kò lè jókòó sójú kan. Ó lọ bá mẹkáníìkì ní Challenge, ìyẹn ní, "Mo lè gé rọ́bà táyà sí i fún ẹ, ọ̀sẹ̀ méjì ló máa lò. Ṣé o fẹ́ fi ọ̀sẹ̀ méjì gbéyàwó?"

Ní Ọjọ́bọ̀ keje, Jẹ́jẹ́ tẹ̀ lé e. Orí bẹ́ńṣì ni wọ́n jókòó sí. Ẹsẹ̀ Mùstàfá ń lu ilẹ̀: gbì, gbì. Jẹ́jẹ́ gbé ọwọ́ lé orúnkún rẹ̀.

"Olówó orí mi, sinmi díẹ̀."

Ìgbà àkọ́kọ́ tó pè é bẹ́ẹ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí ẹsẹ̀ yẹn ti dákẹ́, Jẹ́jẹ́ ṣì ń gbọ́ gbì, gbì. Ó wo ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, ó wo tòsì. Ọkùnrin méje àti obìnrin kan ló jókòó lórí bẹ́ńṣì náà, gbogbo wọn ló ń fi ẹsẹ̀ ọ̀tún lu ilẹ̀.

Ó fọhùn jẹ́jẹ́: "Ẹ̀yin bọ̀dá, ọkọ̀ tiyín náà kì í mú ni?"

"Kì í mú!"

"Ọjọ́bọ̀ mélòó?"

"Mẹ́sàn-án!" "Mọ́kànlá!" Obìnrin kan ṣoṣo yẹn, Ràfátù tó ń kó aṣọ lọ sí Dùgbẹ̀, kò lè kà á mọ́.

"Ẹ jẹ́ ká kó ọkọ̀ gan-an wá," ni Jẹ́jẹ́ wí. "Lẹ́tà nìkan ni wọ́n ń rí. Ẹ jẹ́ kí wọ́n rí ọkọ̀."

Ní Ọjọ́bọ̀ kẹjọ, kí agogo mẹ́jọ tó lù, ọkọ̀ mẹ́sàn-án ló wà lẹ́nu géètì ilé iṣẹ́ náà. Wọ́n fi ọwọ́ tì wọ́n wá ni, wọ́n fi igi há gbogbo táyà. Ẹnikẹ́ni kò bú èébú, ẹnikẹ́ni kò sọ òkò. Wọ́n kàn jókòó sílẹ̀, Jẹ́jẹ́ dá orin, àwọn yòókù ń gbè:

Ọkọ̀ ń sáré o — Jẹ́jẹ́!
Ìjánu ti já o — Jẹ́jẹ́!

Nígbà tó di ọ̀sán, ebi pa ọ̀gá wọn, ó fẹ́ lọ jẹun nílé. Kò rọ́nà gbà. Ó jáde, ó ń làágùn lábẹ́ kóòtù. "Kí lèyí? Ẹ gbé àwọn ọkọ̀ yìí kúrò!"

Mùstàfá dọ̀bálẹ̀. "Ọ̀gá, ẹ má bínú. Wọn ò níjàánu ni. Bá a bá yọ igi báyìí, inú ọ́fíìsì yín ni wọ́n máa bá yín."

Ràfátù ní, "Ẹ lọ máa bọ̀ ní Ọjọ́bọ̀, ọ̀gá. Bóyá ọ̀nà á ti là."

Ọ̀gá yíjú sí Sàídì. "Rọ́bà yẹn dà?"

Sàídì họ orí. "Ó wà ní sítọ́ọ̀, sà. Ó ti tó oṣù méjì. Ẹ ò tíì fọwọ́ sí ìwé rẹ̀ ni."

Ọ̀gá gba bírò, orí bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ pupa Mùstàfá ló ti fọwọ́ sí i. Kí oòrùn tó wọ̀, wọ́n ti ṣe ọkọ̀ mẹ́sàn-án. Èyí tó wà lẹ́nu ọ̀nà gan-an ni wọ́n ṣe kẹ́yìn. Ọ̀gá kò kúkú jẹun ọ̀sán lọ́jọ́ náà.

Sátidé tó tẹ̀ lé e ni ìkórè ku ọ̀la. Ìyá Jẹ́jẹ́ gbé àpótí sí ìsàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ó jókòó lé e, ó di agogo àdúrà mú. Àwọn aládùúgbò ní, "Màmá, ẹ dìde! Ẹ jẹ́ ká gbé kèrègbè síbẹ̀ dípò yín!" Kò dìde. Ó dá Jẹ́jẹ́ dúró jìnnà sí ọ̀nà, ó ní kó má sún mọ́ ọn.

Lókè ọ̀hún, Mùstàfá di ọwọ́ ọkọ̀ mú. Ó ní "Bìsímílàhì." Ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀. Ìyá rí i tó ń bọ̀, tó ń tóbi sí i, tó pupa bí ẹ̀jẹ̀. Ojú rẹ̀ ṣókùnkùn. Àárọ̀ ọjọ́ tí ọkọ rẹ̀ jáde kò padà ló rí. Ó gbàgbé gbogbo àdúrà tó mọ̀, orúkọ ọmọ rẹ̀ nìkan ló kù lẹ́nu rẹ̀:

"Jẹ́jẹ́! Jẹ́jẹ́ ooo!"

"Mà!" ni ọmọ rẹ̀ dáhùn láti ẹ̀yìn.

"Mo gbọ́, mà!" ni ohùn kan dáhùn lójú fèrèsé ọkọ̀. "Ó ti mú!"

Ọkọ̀ dúró. Ó dúró bí ọmọ tó dé iwájú ìyá rẹ̀ tó fẹ́ kúnlẹ̀. Àárín òun àti orúnkún Ìyá kò ju ìgbọ̀nwọ́ kan lọ. Ìyá na ọwọ́, ó fi pa bọ́nẹ́ẹ̀tì lórí.

"Ó gbóná," ni ó wí, omi ń bọ́ lójú rẹ̀, "ṣùgbọ́n ó gbọ́ràn." Ó wo ojú ọ̀run. "Bàbá Jẹ́jẹ́, ó dúró o." Lẹ́yìn náà ló yíjú sí Mùstàfá. "Kí lò ń wò? Lọ kó àwọn ẹbí rẹ wá."

Lóṣù kejì lẹ́yìn náà ni wọ́n ṣègbéyàwó. Àlùfáà ṣàdúà, wòlíì ìjọ Ìyá Jẹ́jẹ́ náà ṣàdúrà, Sàídì pàápàá wá, ó sì jẹ abọ́ méjì. Ọkọ̀ pupa ló gbé ìyàwó, Ìyá fúnra rẹ̀ sì fi sùtánà funfun kan bo orí ọkọ̀ náà. Nígbà tí wọ́n jókòó tán, Jẹ́jẹ́ bojú wo abẹ́ tábìlì, ó wo ẹsẹ̀ ọ̀tún ọkọ rẹ̀.

Ẹsẹ̀ náà wà lórí ilẹ̀. Kò mira.

Ó yá, ẹ ṣí ìkòkò. Ẹ̀wà ti rọ̀, ata rẹ̀ ń ta sánsán. Ẹ gba abọ́ yín, ẹ bu dòdò lé e, ẹ jẹ àjẹyó. Èyí tó bá kù, ẹ dì í fún ẹni tó wà nílé. Bẹ́ ẹ bá ti yó, kálukú kó gba ilé lọ, jẹ́jẹ́ sì ni kẹ́ ẹ máa rìn.